Ẹ jẹ́ ká díje, ṣùgbọ́n ká jọ délé

1/ Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ la fẹ́ sọ lónìí. Èyí tí à ń fẹsẹ̀ wà ni o, kì í ṣe Maruwa. Gbogbo ẹgbẹ́ tó ń jọ gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ Sátidé ló ń ṣe àríyànjiyàn kan náà: ṣé ká máa bára wa díje ni, àbí ká rọra máa gbádùn atẹ́gùn? Èmi ní ká díje. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bú mi.

2/ Ìdíje dáa. Tó o bá ń dá gun kẹ̀kẹ́, ara ẹ á máa parọ́ fún ẹ. Òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lọ́ọ̀ọ́kán ni, ó ti ní ó rẹ òun. Àmọ́ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, kó tún máa rẹ́rìn-ín! Agbára tó ò mọ̀ pé o ní á jáde. Ẹni tó bá ti bá ọ̀rẹ́ aláwàdà gun òkè Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn rí mọ ohun tí mò ń wí.

3/ Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé: àwọn mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọ́n le á ṣí eré sílẹ̀ láìsọ fẹ́nì kankan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ lóṣù tó kọjá á wá ku òun nìkan láàárín dánfó àti tírélà. Tí táyà ẹ̀ bá jò ńkọ́? Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Títì Èkó ò mọ̀ pé eré lẹ̀ ń ṣe.

4/ Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ atẹ́gùn. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, téèyàn bá ti ń sá tó kìlómítà 30 ní wákàtí kan, atẹ́gùn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ẹ̀. Ẹni tó bá fara mọ́ ẹ̀yìn ẹni iwájú dáadáa lè dín iṣẹ́ yẹn kù tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tí agbára ẹ̀ kéré jù lẹ wá fi sílẹ̀ kó dá bá atẹ́gùn jà!

5/ Afárá Third Mainland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, orí ọ̀sà ló sì gbà. Kò sí igi, kò sí ilé tó máa bá ẹ dí atẹ́gùn. Irú ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ lẹ jẹ́, àbí èrò tó kàn pàdé ní gáréèjì.

6/ Ẹ má sọ fún mi pé "bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ṣe nìyẹn." Irọ́ ni jàre. Nínú Tour de France, tí wọ́n bá dé àwọn òkè ńlá, àwọn tí òkè kì í ṣe tiwọn máa ń kóra jọ sẹ́yìn, wọ́n á jọ gùn ún. Ẹni tó bá pẹ́ ju àkókò tí wọ́n dá lọ, ilé ló ń lọ. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bára wọn du ipò ni wọ́n o, síbẹ̀ wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́.

7/ Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, borí ní ìpele 3 nínú ìdíje ọdún 2024, ó sì gbé ẹ̀wù àwọ̀ ewé lọ sílé. Adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó borí ní ìpele kankan níbẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ yá, a ò jiyàn. Àmọ́ irú eré ìparí tó ń sá yẹn, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni ló ń gba atẹ́gùn sáyà kó tó kan èèyàn.

8/ Nítorí náà, àbá tèmi:
– Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ mú ibi kan tí mọ́tò ò pọ̀, ẹ ní "láti ibí dé ibẹ̀ yẹn." Ẹni tó bá wù ú kó sá a.
– Ẹ dúró síbẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn á fi dé.
– Tó bá dé, ẹ má gbéra lójú ẹsẹ̀! Ẹ̀yin ti sinmi, òun ò tíì mu omi.
– Nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, kí àwọn alágbára wà níwájú, kí wọ́n bá àwọn tó kù gba atẹ́gùn.

9/ Kéèyàn ti ara ẹ̀ dé òpin dáa, àmọ́ ẹ mọ òpin yàtọ̀ sí ewu. Kí itan máa ta ẹ, kò burú. Kí àyà máa dùn ẹ́, kí òòyì máa kọ́ ẹ, kí òtútù máa mú ẹ nínú oòrùn, sọ̀ kalẹ̀ kíá, kó o sì pe èèyàn. Ẹgbẹ́ téèyàn ò ti lè sọ pé "ó ti rẹ̀ mí" kí wọ́n má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹgbẹ́ yẹn léwu.

10/ "Ṣé ká wá máa rìn bí ìgbín ni?" Rárá o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ mú ọjọ́ míì, kẹ́ ẹ sì pè é ní eré ìje. Ẹni tó bá wá á mọ ohun tó wá ṣe. Kẹ́ ẹ pe èèyàn síbi ìgbafẹ́, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ dìje lójú ọ̀nà, ẹ̀tàn nìyẹn.

11/ Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. Gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tó ń ṣáájú nínú ẹgbẹ́ wọn. Ìbéèrè tèmi ni pé, nínú ẹgbẹ́ tiyín, ta ló ń dúró ti ẹni ìkẹyìn?