Èjìgbò, ọmọ ìyá Abíjàn

Ẹni tó bá wọ Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó gbọ́ táwọn èèyàn ń fi èdè Faransé nájà, kó má rò pé òun ti ṣìnà o. Ó ti pẹ́ táwọn ọmọ ìlú náà ti ń lọ ṣòwò l'Abíjàn, ní Kódífúà, ọkọ̀ sì ń gbé wọn láti Èjìgbò lọ síbẹ̀ tààrà. Wọ́n ń gba owó sẹ́fà níbẹ̀. Atiékè náà wà, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin bíi ti gàrí, tí wọ́n wá fi ooru omi sè. Àwọn kan ní ó dùn ju gàrí lọ, ẹnu wọn ló sọ ọ́.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún lọ̀rọ̀ ọ̀hún le fún jù. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Kódífúà lọ́dún 2002, tí wàhálà ìbò tún dé ní 2010 sí 2011, àwọn kan sá wálé. Ilé wo gan-an? Lọ́hùn-ún, Ànàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. N'Èjìgbò, ará Abíjàn ni wọ́n. Ìyá àgbà á máa ki ọmọ ọmọ ẹ̀ títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀, ọmọ á kàn rẹ́rìn-ín, á ní "mẹ̀sí".