Olú Lè Mú Omi Wa Tòrò

Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi ní ìdọ̀tí. Ní ìgbà òjò, tí odò bá kún tí ó sì rú, àwọn ìyá wa a ju álọ́ọ̀mù sínú omi tí wọ́n pọn, wọn a rò ó, wọn a sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ a rọ̀ sí ìsàlẹ̀, omi a sì tòrò lókè. Èmi kò bá álọ́ọ̀mù jà. Ohun tí mo ń wí ni pé ohun mìíràn wà tí ó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí a kò kà sí. Olú ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Eruku amọ̀ tí ó kéré jọjọ ni ó ń mú omi rú. Agbára mànàmáná irú kan náà ni ó wà lára wọn, nítorí náà wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn, wọn kò lè para pọ̀ kí wọ́n wúwo kí wọ́n sì rì. Ohun tí ó bá lè so wọ́n pọ̀ ni mo pè ní amómitòrò. Álọ́ọ̀mù jẹ́ ọ̀kan. Òmíràn ni irú ṣúgà kan tí ó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Okùn kan ṣoṣo a máa di ọ̀pọ̀ eruku mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ wà lára olú. Ní ọdún 1811, Henri Braconnot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí ohun tí a ń pè ní chitin lónìí nínú olú. Ní 1859, Charles Rouget sè é pẹ̀lú èròjà tí ó jọ omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú, ó sì di èyí tí ń yọ́ nínú omi kíkan. Òun ni chitosan. Ní 1985, Takagi àti Kadowaki ní ilẹ̀ Japan kọ̀wé nípa Paecilomyces, olú wẹ́wẹ́ kan tí ń pèsè amómitòrò fúnra rẹ̀. Ní 2011, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù gbà kí a máa fi chitosan ara Aspergillus niger mú ọtí wáìnì tòrò. Ẹ sì mọ̀ ọ́n o! Òun ni ó máa ń dúdú lára àlùbọ́sà tí ó bá bu.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ṣé kí n wá gé olú sínú omi mímu ni?” Rárá o! Olú mìíràn ń pani. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò yọ èròjà náà jáde. Ó tún wọ́n ju álọ́ọ̀mù lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń fi A. niger ṣe èròjà kíkan inú ọsàn wẹ́wẹ́, ara olú náà ni ó ń kù nílẹ̀ bí pàǹtírí, sítáàṣì pákí sì lè bọ́ ọ. Ta ni ó ní pákí tó wa? Kí a sì má gbàgbé pé omi tí ó tòrò lè ní kòkòrò àrùn nínú síbẹ̀. Dandan ni kí a sè é.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí sí nìyí: inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ìmọ̀ yìí há sí, ìyá tí ń pọn omi kò sì lè kà á. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, títí kan ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Bí ọmọdé bá lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí ni àwáwí tiwa ní yunifásítì? Kí akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, kí wọ́n jọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí a wo àpò wa.