Ẹ̀jẹ̀ Dídì Nínú Àpòlúkù: Ohun Tí Kámẹ́rà Nìkan Kò Lè Ṣe

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ àtúnṣe ilé ìwòsàn bá délẹ̀, ẹ̀rọ ni a máa ń kọ́kọ́ kà. Ọ̀kan nínú wọn ni endoscope, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó rọ̀, tí kámẹ́rà àti iná wà lórí rẹ̀, tí dókítà ń tì gba ẹnu dé àpòlúkù. Ó yẹ ní ríra. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé aláìsàn tí ń bì ẹ̀jẹ̀ dé, ohun tí kámẹ́rà sábà ń bá pàdé ni ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì gbagidi. Dókítà tí kò bá sì rí ojú ọgbẹ́ kò lè dí i.

Lọ́dọ̀ wa, orísun méjì ni ẹ̀jẹ̀ yìí sábà máa ń ní. Àkọ́kọ́ ni ọgbẹ́ inú, tí kòkòrò Helicobacter pylori tàbí àlòjù oògùn ara ríro bí ibuprofen, diclofenac àti aspirin ń fà. Èkejì ni ẹ̀dọ̀ tí àrùn mẹ́dọ̀wú ti bà jẹ́: iṣan ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun a wú, a sì bẹ́. Ìlànà àgbáyé ni kí a wo inú aláìsàn láàárín wákàtí 24. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀dọ̀, láàárín wákàtí 12, lẹ́yìn tí a bá ti gbé agbára rẹ̀ ró.

Ìgbésẹ̀ tí ó rọrùn jù lọ máa ń ṣáájú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ nínú, a lè fa mílígíráàmù 250 erythromycin sí iṣan aláìsàn, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí méjì ṣáájú àyẹ̀wò. Oògùn apakòkòrò àtijọ́ ni, kò ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí àpòlúkù fún ara rẹ̀ pọ̀, kí ó ti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sísàlẹ̀. (Dókítà ní láti kọ́kọ́ yẹ lílù ọkàn aláìsàn wò, nítorí kì í ṣe gbogbo ọkàn ni ó bá mu.) Lẹ́yìn èyí, omi ni a fi ń fọ ibẹ̀, tí a ó sì máa fà á jáde. Ihò ọ̀pá tí a sábà ń lò kò ju mílímítà 2.8 lọ, ìṣù ẹ̀jẹ̀ a máa dí i pa, nítorí náà ni ọ̀pá oníhò ńlá fi yẹ. Bí ìṣù bá sì kóra jọ sí òkè àpòlúkù, a lè yí aláìsàn láti ẹ̀gbẹ́ òsì sí ọ̀tún. Yíyí ènìyàn padà kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó gba nọ́ọ̀sì tí ó mọṣẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ìṣù tí ó lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ ni ó le jù. Kíkó o kúrò lè ṣí ẹ̀jẹ̀ tuntun sílẹ̀; fífi í sílẹ̀ lè bo iṣan tí yóò bẹ́ lọ́la. Àwọn dókítà kan a fi í sílẹ̀, wọn a fún aláìsàn ní oògùn tí ń dín ásíìdì kù. Àwọn mìíràn a fọ̀ ọ́ dáadáa. Bí kò bá ṣí, wọn a fún adrenaline tí a ti là sí ẹ̀bá rẹ̀, wọn a fi okùn wáyà gé e díẹ̀díẹ̀ títí ìdí rẹ̀ yóò fi hàn, kí wọ́n tó fi ooru jó iṣan náà tàbí fi irin kékeré há a pa. Lójú tèmi, ọ̀nà kejì yìí dára lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ; lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ewu ni.

Ibi tí ó ti kan ìṣèjọba nìyí. Owó kámẹ́rà yóò ṣòfò bí ẹ̀rọ tí ń fa ẹ̀jẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, tàbí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́. Ó tọ́ kí ìwé ìṣúná kọ ọ̀pá oníhò ńlá, ẹ̀rọ tí ń fa ẹ̀jẹ̀, erythromycin ti iṣan àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì mọ́ kámẹ́rà. Òfin adójútòfò ìlera ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ará Nàìjíríà ní ààbò ìlera; títí yóò fi kárí, ẹbí tí ń wá owó kiri lóru ni wákàtí 24 yẹn yóò máa tán mọ́ lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí a má fún un ní oúnjẹ tàbí àgbo lọ́nà, kí a sì kó gbogbo oògùn tí ó ń lò dání fún dókítà.