Onílé Tó Ń Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò fúnra rẹ̀ ru igbá rẹ̀ délé. Ọmọ tó dúró ti àgbà nídìí oúnjẹ ló ń gbé igbá bí wọ́n bá jẹun tán. Bí àgbà bá wá lá abọ́ mọ́ féfé, tí kò ṣẹ́ òkèlè kan kù, ọmọ á bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé tẹ́ ẹ fi ń gbowó l'Ékòó ni mò ń bá wí. Ayálégbé lọmọ tó ń bá yín gbé igbá. Òun ló ń tètè rí i pé páìpù ti bẹ́ kí ògiri tó jẹrà. Òun ló ń pariwo olè lóru. Bí yàrá kan bá fẹ́ ṣófo, òun ló ń sọ fún ojúlùmọ̀ rẹ̀ pé, "Máa bọ̀, onílé wa ṣeé bá gbé."

Ká ní ayálégbé kọ̀ọ̀kan nínú ilé kan ń san ₦600,000 lọ́dún. Ẹ̀rọ tó ń fa omi bàjẹ́, ₦60,000 ni àtúnṣe rẹ̀, ẹ ní kí àwọn ayálégbé dá a. Wọ́n pọnmi títí ó fi sú wọn, ẹnì kan kó jáde, ibi tó ń gbé ṣófo fún oṣù mẹ́ta. ₦150,000 ti lọ nìyẹn, ẹ ò tíì ra ọ̀dà tẹ́ ẹ máa fi kunlé de ẹlòmíràn, ẹ̀rọ náà ò sì tíì ṣiṣẹ́.

Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 ní kí onílé já rìsíìtì fún owó ilé tó bá gbà. Bó bá tún gba owó àbójútó ilé, ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ bó ṣe ná an, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Òfin yìí kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí onílé ibẹ̀ náà ṣe é. Ẹni tó bá rí ibi tí owó rẹ̀ gbà lọ kì í janpata láti san òmíràn.

Mo mọ̀ pé ayálégbé tí kì í fẹ́ sanwó wà, bẹ́ẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni ẹlòmíràn fi kọ́ ilé tó ń yá wọn. Ó dunni wọra. Síbẹ̀, ẹ má ṣí òrùlé lé ayálégbé lórí, ẹ má yọ ilẹ̀kùn. Lábẹ́ òfin 2011 yẹn, ẹni tó bá fipá lé ayálégbé jáde lè san ìtanràn tó tó ₦250,000, tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Fún ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, bí àdéhùn yín kò bá dá àkókò, ìwé oṣù mẹ́fà pé kó kó jáde ni ẹ ó kọ́kọ́ fún un, kí ìwé ọjọ́ méje pé ẹ fẹ́ lọ sí kóòtù gba ilé yín tẹ̀ lé e, kóòtù ló kàn.

Kí ẹ tó gba owó ọdún tó ń bọ̀, ẹ lọ wo ilé náà fúnra yín, ẹ má rán éjẹ́ǹtì. Ẹ kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ohun tó ń jò àti ohun tó ti bàjẹ́. Bí owó bá dé, ẹ yọ ti àtúnṣe sọ́tọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú ìyókù.