Òṣùwọ̀n Ẹlòmíràn

Ìwà àwọn oníṣègùn awọ ara kan kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí aláwọ̀ dúdú bá mú àbàwọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ tọ̀ wọ́n lọ, nọ́ńbà SPF nìkan ni wọ́n ń kà sí i létí. Kí ni nọ́ńbà náà ń wọ̀n? Bí oòrùn ṣe ń mú ara pọ́n ni. Ara òyìnbó ni í tètè pọ́n. Tiwa, ṣe ni í dúdú sí i. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí ilé-ìwòsàn Henry Ford ní Detroit, Amẹ́ríkà, fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí gan-an a máa mú awọ dúdú ṣú sí i. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí awọ funfun tí wọ́n dán an wò lára. Ìpara tí kò láwọ̀ kì í dènà ìmọ́lẹ̀ yìí tó. Èyí tí a po iron oxide mọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti ara, ni í dènà rẹ̀. Akẹtẹ̀ àti agboòrùn náà wúlò.

Ẹni tí a kò là á yé yóò rò pé ìwòsàn kò jẹ́, yóò sì gba ọ̀dọ̀ oníṣòwò ìpara abóra lọ. Òótọ́ ni pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí dókítà jẹ́ kí àpá máa ṣú sí i?