Àpò Afẹ́fẹ́ fún Ìyalulẹ̀ Yìnyín: Èyí Tí Ọwọ́ Bá Ti Mọ̀ Ni Kí A Rà

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejì, ọdún 2012, èèyàn 16 kóra jọ sórí òkè kan ní Stevens Pass, ní ìpínlẹ̀ Washington, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Síkì ni wọ́n fẹ́ fi yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òkè náà, ní Tunnel Creek, níbi tí kò sí òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀nà. Yìnyín ya lulẹ̀ láti òkè, ó sì gbá mẹ́rin nínú wọn lọ. Mẹ́ta kú. Ẹnì kẹrin, Elyse Saugstad, tó fi síkì ṣe iṣẹ́ ṣe, fa ohun ìfà tó wà ní okùn èjìká báàgì rẹ̀. Àpò afẹ́fẹ́ wú jáde, ó sì yè é.

Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn rí kò lè gbàgbé ìtàn yìí. Ìròyìn tí John Branch kọ nípa rẹ̀ nínú New York Times gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún 2013, àwòrán àti fídíò tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ sì di àríkọ́gbọ́n fún àwọn oníròyìn. Ní tèmi, ohun ìfà yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ọwọ́ kan nà án, ó bà á, ó sì fà á.

Irú báàgì bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lọ́jà báyìí, ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ilẹ̀ olótùútù sì lè bá ara rẹ̀ níwájú wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Èwo ni kó mú?

Kí a kọ́kọ́ mọ bí àpò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í léfòó bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá ti gbọn gàrí nínú àwo rí ti rí i pé àwọn kókó rẹ̀ ló ń gòkè, tí èyí tó kúnná ń lọ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yìnyín tó ń ya bọ̀ ṣe ń rí: ohun tó tóbi ló ń bọ́ sókè. Àpò tó gba afẹ́fẹ́ tó nǹkan bíi lítà 150 ló ń sọ èèyàn di ohun ńlá, kí yìnyín má baà bò ó mọ́lẹ̀.

Oríṣi méjì ló wà. Èkíní ni ti sílíńdà, èyí tí Peter Aschauer, ará Jámánì, gbé wá sọ́jà lọ́dún 1985. Bí a bá fa ohun ìfà, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà á jáde, àpò á sì wú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ó fúyẹ́, kò sì ní bátìrì tí òtútù lè pa. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni sílíńdà kan ń ṣiṣẹ́. Ó di dandan kí a pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí a tún un rọ. Ní Amẹ́ríkà, wọn kì í jẹ́ kí a gbé sílíńdà tí gáàsì wà nínú rẹ̀ wọ bàálù.

Èkejì ni ti fáànù oníná, irú JetForce tí ilé iṣẹ́ Black Diamond ṣe. Iná ló ń yí fáànù, fáànù ló sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò. A lè fà á, kí a ká a padà, kí a sì tún un fà. Ó wọ́n ju ti sílíńdà lọ, ó sábà máa ń wúwo jù ú, ẹni tó bá sì gbàgbé láti gba iná sí i ti gbé ẹrù lásán lọ sórí òkè.

Àwọn ọlọ́jà á fẹ́ kí a máa jiyàn lórí ìwọ̀n àti owó. Èmi kò rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 2014, Pascal Haegeli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde: láàárín àwọn tí yìnyín gbé dáadáa, àpò tó wú dín ikú kù láti 22 sí 11 nínú 100. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà sọ pé nínú 100 àpò, 20 ni kò wú rárá, ó sì tó mẹ́fà nínú mẹ́wàá irú èyí tó jẹ́ pé ẹni tó gbé e ni kò fà á. Ẹ̀rù, ìbọ̀wọ́, ìṣubú, ọwọ́ tí kò mọ̀nà.

Ìdí nìyí tí mo fi gbè sẹ́yìn fáànù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó ni ín lè dúró ní yàrá rẹ̀, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìná kọ́bọ̀. Onísílíńdà a máa ṣahun gáàsì rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ ikú ni yóò kọ́kọ́ fà á. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń rọ sílíńdà, tí kò fi bàálù rìn, tó sì ṣe tán láti fà á dánra wò lọ́dọọdún, kó mú sílíńdà rẹ̀, kò ṣìnà.

Síbẹ̀, méjèèjì kò gbani lọ́wọ́ igi àti àpáta. Ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ ṣì nílò ẹ̀rọ tó ń ta àmì ibi tó wà, ọ̀pá ìtọyìnyín, ṣọ́bìrì, àti ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń yè bí a bá hú wọn jáde láàárín ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá di ìṣẹ́jú 35, bíi ẹnì kan nínú mẹ́ta ló kù. Ṣáájú gbogbo ìyẹn, ìkìlọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ yìnyín wà láràárọ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwọn tó kú ní Tunnel Creek kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Wọ́n mọ òkè náà dunjú.

Nítorí náà, ìwọ tó fẹ́ ra báàgì, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n rẹ̀. Bi ọlọ́jà léèrè pé: ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lè fà á lóṣù yìí kí n tó gòkè? Ìdáhùn yẹn ni kó yàn án fún ọ.