Ẹ Yé Kun Ọkọ̀ Tó Ń Jò Ní Ọ̀dà

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ẹni tó bá kun ọkọ̀ àtijọ́ ní ọ̀dà kó tó pààrọ̀ rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀, owó ló ń dà sómi. A mọ̀, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì làwa náà ṣe é.

Ọkọ̀ tí à ń wí ni Peugeot 504 funfun tí bàbá wa, tó jẹ́ tíṣà, fi sílẹ̀ fún àwa ọmọ mẹ́ta ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lè má mọ̀, àmọ́ láti 1975 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọkọ̀ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba ni 504, òun náà sì ni wọ́n fi ń na ọ̀nà jíjìn. Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa ló ń wá a kiri, òun àti Volkswagen ìjàpá, torí ìgbéyàwó àti fọ́tò. A ò bínú síyẹn. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé wọ́n á sanwó ọ̀dà, wọ́n á sanwó rédíò tó ń dún gbàù-gbàù, tó bá wá kan rọ́bà etí ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kí wọ́n ṣáà wá nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tó pé ọdún kan tí bàbá wa kú, a ní ọkọ̀ náà ni yóò gbé ìyá wa lọ sí Èmùré lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Pẹ́ńtà ti kùn ún, ó ń dán gbinrin. A ò tíì kọjá Ìsẹ̀ jìnnà tí òjò fi ká wa mọ́ ọ̀nà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti òkè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó-tó-tó, sí èjìká ìyá wa. Màmá ò pariwo. Wọ́n ṣí gèlè wọn, wọ́n fi nu ara, wọ́n ní, “Bàbá yín ò jẹ́ kómi kàn mí nínú ọkọ̀ yìí rí o.”

Kò sẹ́ni tó lè fèsì nínú wa.

Nígbà tá a délé, a ká kápẹ́ẹ̀tì. Fóòmù ibùsùn ni wọ́n gé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn. Fóòmù! Ohun tó ń mu omi bíi kànìnkànìn ni wọ́n ní kó wá lé omi. Níbi tí ẹsẹ̀ Màmá wà, irin ti dípẹtà débi pé ìka wa wọ inú ẹ̀. Nídìí iṣẹ́ sọ́fítíwíà tá a fi ń jẹun, tí ẹnìkan bá rí àṣìṣe nínú kóòdù tó wá fi nǹkan bò ó kí ọ̀gá má baà rí i, a mọ orúkọ tá a máa ń pè é. Nídìí ọkọ̀, “àtúnṣe” là ń pè é, a sì ń sanwó fún un.

Àwọn kan á ní, “Ọkọ̀ ijọ́sí ni jàre, gbogbo wọn ló ń jò.” Irọ́ ni. Ọdún 1983 ni bàbá wa rà á, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí Màmá sọ. Rọ́bà ló gbó. Èyí tó wá láti ara igi rọ́bà, oòrùn àti afẹ́fẹ́ máa ń mú un sán ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo EPDM lóde òní, rọ́bà tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, tó ń fara da oòrùn. Àmọ́ òun náà ní ọ̀tá, epo lọ̀tá ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gírísì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì pa rọ́bà ilẹ̀kùn kó lè máa dán, ńṣe lẹ̀ ń mú kó wú, kó sì rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Ti silicone lẹ lè fi pa á.

Ẹlòmíràn á ní ká lọ yọ rọ́bà lára ọkọ̀ tó ti kú. Ọkọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa ni? Rọ́bà tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún lẹ fẹ́ fi pààrọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀!

Èyí tó wá dùn wá jù ni ti ihò. Lábẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, àwọn ihò kéékèèké kan wà níbẹ̀. Omi tó bá gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọnú ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn látilẹ̀. Apánẹ́ẹ̀lì wa rí wọn, ó rò pé ìpẹtà ló lu wọ́n, ó fi pọ́tì dí wọn pátápátá, ó sì gba owó lórí ẹ̀. Omi dúró sínú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni dúró sínú ìkòkò. Wọ́n máa ń ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Tiwa, ẹnu tó yẹ kó là ni wọ́n dí, wọ́n wá fi èyí tó yẹ kí wọ́n dí sílẹ̀ gbayawu.

Rọ́bà tuntun tá a rà ní Ládìpọ̀, l'Ékòó, mítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Irin tín-ín-rín wà nínú ẹ̀ tó fi ń di etí ẹnu ọ̀nà mú. A gé díẹ̀ lára ti àtijọ́ dání ká lè fi wé e, torí èyí tó bá nípọn jù, wàá máa gbá ilẹ̀kùn gbàmù kó tó pa dé. A fi kẹrosíìnì fọ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, a ha ìpẹtà, a sì fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ tó ń dènà ìpẹtà pa á. Ìsàlẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ kí ojú ìso má baà bọ́ sókè níbi tí omi ti ń sàn wá. A ò fà á rárá. Rọ́bà tẹ́ ẹ bá fà, á padà sún kì, igun á sì là. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ilẹ̀kùn le. Wọ́n ní ká tẹ ibi tó ti ń há, a kọ̀; a tì í mọ́jú, ó gbà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán tiyín wò, ẹ fi ogún náírà há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ tì í, ẹ fà á. Tó bá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, omi á wọlé. Ẹ yí ilẹ̀kùn po bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi igun.

Wẹ́dà ti fi irin tuntun sílẹ̀ ọkọ̀ wa. Ọ̀dà eérú ló ṣì wà lára ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wa sì ń bi wá léèrè ìgbà tá a máa kùn ún, pé ọkọ̀ bàbá wa ń dójú tì wá ládùúgbò. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, òjò rọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ dé Èmùré. Màmá jókòó sẹ́yìn, wọ́n sùn lọ.